Ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọ̀wé, ta ló ń kà á?

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi lónìí. Nígbàkígbà tí mo bá ka ìròyìn ọdọọdún yunifásítì kan, tí mo wá rí i níbẹ̀ pé ẹ̀sùn mẹ́ta péré làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú wá láàárín ọdún kan gbáko, nílé ìwé tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ o, ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá. Àwọn kan á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹ ò rí i, ara tu àwọn ọmọ wa. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn pọ̀ tó yẹn, tí wọ́n ń sanwó ilé ìwé, tí wọ́n ń ṣèdánwò, tí wọ́n ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí èsì ìdánwò ń pẹ́, tí sùpáfáísọ̀ ń sọ pé kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀, kò lè jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ni nǹkan ń dùn. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ fún mi ni pé ẹni mẹ́ta ló ríbi gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, mo sì ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà yìí sétí àwọn àgbà ilé ìwé. Ohun tí mo máa ń rí ni pé gbogbo wọn ló ń bèèrè iye tó jẹ́, ṣé ó lọ sókè àbí ó wálẹ̀ ju tèṣí lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé báwo lẹ ṣe kà á, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí lẹ sì pè ní ẹ̀sùn gan-an. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ wà.

Torí ẹ̀sùn kì í bẹ̀rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ lọ bá lẹ́kíṣọ̀ lẹ́yìn kíláàsì pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì dá iṣẹ́ tá a ṣe padà fún wa, ìdánwò sì ti dé tán, a ò mọ ibi tá a ti kùnà. Lẹ́kíṣọ̀ á ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, ó á lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka wọn, ìyẹn á ní kó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka, ọ̀gá ẹ̀ka rìnrìn àjò, kó kọ ímeèlì. Ó kọ ímeèlì, kò sésì. Nígbà tó bá fi máa dé ibi tẹ́nì kan ti máa sọ fún un pé fọ́ọ̀mù kan wà lórí wẹ́ẹ́bù, ìdánwò ti kọjá, èsì ti jáde, ó ti fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Gbogbo ibi tó dé yẹn ló ti fẹjọ́ sùn, tá a bá ní ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú dátà ilé ìwé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìlànà àwọn ará Scotland fi wù mí. Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Scottish Public Services Ombudsman, òun ló ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sin gbogbo ìlú, yunifásítì náà sì wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo yunifásítì ibẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ìpele méjì ni: àkọ́kọ́, kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, tí kò bá yanjú, tàbí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di ìpele kejì tí wọ́n ti máa ṣèwádìí, ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wọ́n fún ìyẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé èyí tí wọ́n fi ẹnu lásán yanjú ní ìpele àkọ́kọ́ náà gbọ́dọ̀ wọ̀wé. Ìyẹn ni pé akọ̀wé tó jókòó sídìí káúńtà, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá sọ fún un pé báyìí báyìí ni wọ́n ṣe fún òun o, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kódà tó bá yanjú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èèyàn lè ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan lẹ ti lè rí i pé ohun kan náà ni ogójì èèyàn wá sọ ní káúńtà kan náà lọ́sẹ̀ kan náà.

Ní England àti Wales, nọ́ńbà táwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Office of the Independent Adjudicator, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé ò yanjú, OIA ni wọ́n ń pè é, òfin Higher Education Act ti 2004 ló gbé e dúró. Ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí gbogbo ìpele tó wà nílé ìwé ẹ̀ ná, kí wọ́n wá fún un ní lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Completion of Procedures Letter, lẹ́yìn náà ló wá ní oṣù 12 láti gbé ẹjọ́ ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ OIA. Lọ́dún 2022, ẹ̀sùn 2,850 ló dé ọwọ́ wọn, ó di 3,137 ní 2023, ó tún di 3,613 ní 2024. Ìwé ìròyìn á gbé e pé ẹ̀sùn ń pọ̀ sí i, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tó la gbogbo ìpele já nìkan nìyẹn, àwọn tó ní sùúrù, tó ní àkókò, tó lè kọ lẹ́tà gígùn, tí ọkàn wọn ò tíì dákú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó kó ẹrù ẹ̀ kúrò nílé ìwé, kò sí nínú 3,613 yẹn. Ṣé ẹ wá rí i pé nọ́ńbà ńlá àti nọ́ńbà kékeré, kò sí èyí tá a lè dá gbé kà nínú méjèèjì láìmọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1986 wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Jeanne Clery nínú yàrá ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì Lehigh University, àwọn òbí ẹ̀ jà fún un títí wọ́n fi ṣòfin lọ́dún 1990, òfin náà ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ wọn títí di òní. Ó ní kí yunifásítì tó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ máa gbé nọ́ńbà ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn jáde lọ́dọọdún, kó má kọjá 1 October. Òfin gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ American Association of University Women yẹ dátà ọdún 2015 wò, ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún ọgbà ilé ìwé ló kọ ọ́ pé wọn ò fipá bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, òdo, kò sí ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gba ìyẹn gbọ́? Òdo yẹn kì í ṣe àlàáfíà o. Ó túmọ̀ sí pé níbi tó pọ̀ jù, kò sẹ́ni tí ọmọ tí wọ́n ṣe báyẹn lè lọ bá, tàbí ó lọ bá ẹnì kan tí onítọ̀hún ò kọ ọ́ síbi kankan. Tí mo bá rí yunifásítì tí nọ́ńbà ẹ̀ lọ sókè lẹ́yìn tó gba ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá sọ̀rọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, ojú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń wò ó.

Ó dáa, ká gbà pé ẹ̀sùn ti wọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan ṣoṣo ká wò ó dáadáa, mo hun ún pọ̀ ni o, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ wọ́pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan kọ̀wé pé sùpáfáísọ̀ òun ò fèsì ímeèlì òun fún oṣù mẹ́rin, orí kẹta iṣẹ́ òun sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí àwọn wá ríra, sùpáfáísọ̀ ní kóun wá máa bá a máàkì ìwé àwọn ọmọ ọdún kìíní láìsanwó, òun kọ̀, kò pẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn òun pé ìtẹ̀síwájú òun ò tẹ́ni lọ́rùn, bí owó ìrànwọ́ òun ṣe dúró nìyẹn. Ojú ewé méjì ni lẹ́tà yẹn. Akọ̀wé tó gbà á ṣí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní kó mú ẹ̀ka kan ṣoṣo: ìkọ́ni àti sùpáfíṣọ̀n, ìdánwò àti máàkì, owó, ìwà òṣìṣẹ́, ilé gbígbé, mìíràn. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ máa gbà. Owó ló wà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn lẹ́tà náà, owó náà ló mú. Níbi tí wọ́n ní kó ti kọ ọ́ ní ṣókí, ó kọ ọ́ pé, “Akẹ́kọ̀ọ́ kò fara mọ́ ìpinnu lórí owó ìrànwọ́.” Ó parí.

Nígbà tí ọdún bá parí, tí wọ́n bá fa ìròyìn jáde, sùpáfíṣọ̀n: òdo. Ìwà òṣìṣẹ́: òdo. Owó: ẹyọ kan. Sùpáfáísọ̀ yẹn lè ti ṣe irú ẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́fà, ọ̀kan wọ abẹ́ owó, ọ̀kan wọ abẹ́ máàkì, ọ̀kan wọ mìíràn, ọ̀kan kúrò nílé ìwé láìsọ nǹkan kan. Kò sí ẹ̀rọ tó máa so wọ́n pọ̀. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, gbólóhùn ṣókí yẹn sì ti dájọ́ láìgbọ́ tẹnì kankan, ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti di ọ̀rọ̀ akọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ kò le: kí ẹ̀rọ gba ẹ̀ka tó ju ẹyọ kan lọ, kí lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣókí yẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì rí ṣókí yẹn kó lè sọ bóyá ohun tóun sọ nìyẹn. Kí ẹnì kan sì máa ṣí “mìíràn” wò lóṣooṣù, torí tí mìíràn bá ti ń wú, ohun tuntun kan ti ń ṣẹlẹ̀ tí fọ́ọ̀mù yín ò lórúkọ fún. Àsìkò Covid fi ìyẹn hàn dáadáa. Lọ́dọ̀ OIA, ọ̀rọ̀ máàkì àti ìdánwò ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn tó ń dé, ṣùgbọ́n lọ́dún 2021 ẹ̀sùn lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sanwó fún tí kò rí gbà ló wá pọ̀ jù ú lọ. Ẹ̀ka tí wọ́n fi pín in ló jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ńkọ́? Ìlànà OIA ní kí yunifásítì gbìyànjú láti parí ìpele ìwádìí àti ti àtúnyẹ̀wò láàárín ọjọ́ 90. Ó dáa, àmọ́ ọjọ́ wo la bẹ̀rẹ̀ kíkà? Ṣé ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ ímeèlì sí ọ̀gá ẹ̀ka ni, àbí ọjọ́ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, àbí ọjọ́ tí rẹ́jísítírì ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ ti pé, kò ku ìwé kankan? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń dá fọ́ọ̀mù padà lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹ̀rí ò pé, ọjọ́ tó pé ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ẹ̀sùn dé. Lójú dátà, wọ́n yára bí àṣá. Lójú akẹ́kọ̀ọ́, sáà ẹ̀kọ́ kan ti lọ.

Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní àárín náà tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀sùn mẹ́sàn-án parí ní ọjọ́ méje méje, ìkẹwàá gba ọdún kan odindi. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ tẹ́ ẹ fi mẹ́wàá pín in, ọjọ́ 43 ló máa jáde. Nọ́ńbà yẹn ò bá ẹnikẹ́ni mu nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ba àwọn tó tètè dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn lórúkọ jẹ́, ó sì fi ẹni tó fi ọdún kan dúró pa mọ́. Ẹ̀sùn tó pẹ́ jù yẹn ló yẹ kí wọ́n dárúkọ ẹ̀ nínú ìpàdé pé èyí ti pẹ́ tó báyìí, kí ló ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ta ló wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń mú inú bí mi: “ti parí.” Ẹ̀rọ á kọ ọ́ sí iwájú ẹ̀sùn, gbogbo wọn á sì kà á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n yanjú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Òmíràn parí torí wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́ láre tí wọ́n sì tún nǹkan ṣe. Òmíràn parí torí wọ́n ní kò jàre. Òmíràn, wọ́n kọ ímeèlì sí i pé kó fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìsinmi ni, kò rí i, wọ́n bá pa á dé. Òmíràn, ó fúnra ẹ̀ fà á padà torí ẹnì kan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣé ó ṣì fẹ́ gboyè jáde nílé ìwé yìí. Báwo lẹ ṣe máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ orúkọ kan? Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀sùn tí wọ́n fà padà ni mo máa kọ́kọ́ lọ kà.

Ibi tí dátà yìí ń gbé náà ò dára níbi tó pọ̀. Díẹ̀ wà nínú ímeèlì ọ̀gá ẹ̀ka, díẹ̀ wà nínú Excel kan lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ti họ́sítẹ́ẹ̀lì wà lọ́tọ̀, ti ìwà ipá wà lọ́tọ̀. Tí igba akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ̀ka kan á kà á sí ẹyọ kan, ẹ̀ka kejì á kà á sí igba, wọ́n á sì ro méjèèjì pọ̀.

Àmọ́ mo mọ̀ pé kíkó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan náà léwu tiẹ̀. Fáìlì ẹ̀sùn ò gbọ́dọ̀ wọnú fáìlì ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láé. Ẹni tó máa máàkì iṣẹ́ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà kó rí i pé ọmọ yìí ti fi ẹnì kan sùn rí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé nọ́ńbà jáde, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kéékèèké, torí tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ̀sùn ẹyọ kan nípa ìwà òṣìṣẹ́ wá láti ẹ̀ka tó ní akẹ́kọ̀ọ́ PhD méjì, ẹ ti dárúkọ ẹ̀ nìyẹn. HESA tó ń kó dátà yunifásítì jọ ní UK ní ìlànà kan tó rọrùn fún dátà akẹ́kọ̀ọ́: gbogbo nọ́ńbà ni wọ́n ń sún sí ìlọ́po 5 tó sún mọ́ ọn jù, èyí tó bá jẹ́ 1 tàbí 2 á di 0. Mo fara mọ́ ọn fún ohun tó ń jáde síta. Nínú ilé, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ rí ẹyọ kan yẹn bó ṣe rí gan-an, kò gbọ́dọ̀ sún un.

Àṣírí tá a fi ń dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ pátápátá sí àṣírí tá a fi ń dáàbò bo orúkọ ilé ìwé. Wọ́n ti máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó díẹ̀ kó fọwọ́ síwèé pé òun ò ní sọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2024 ni Office for Students, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní England, kéde ìlànà tó ní kò gbọ́dọ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyọlẹ́nu àti ìwà ìbálòpọ̀ tí kò tọ́. Ó pẹ́ kó tó dé, inú mi dùn pé ó dé.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, kọ́lọ́ọ̀mù kan wà tí mo kọ́kọ́ máa ń wá: kí ni wọ́n ṣèlérí, ta ló máa ṣe é, ọjọ́ wo ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló dúró síbi “a dá akẹ́kọ̀ọ́ láre”. Wọ́n á ní ẹ̀ka máa yí bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ padà padà, kò sẹ́ni tó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á sì tún kọ lẹ́tà kan náà, ẹ̀rọ á fún un ní nọ́ńbà tuntun bíi pé àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nìyẹn. Ní Australia, ọ́fíìsì National Student Ombudsman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 February 2025, ohun tí mo ń retí lọ́dọ̀ wọn nìyí gan-an, pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé ìlérí dé ìparí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ń kà á, tọ́rọ̀ bá délẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kódà tẹ́ ẹ bá ti fẹnu sọ ọ́. Ímeèlì ṣókí kan ti tó: mo wá rí yín lónìí lórí ọ̀rọ̀ báyìí, ohun tẹ́ ẹ sọ nìyí. Ẹ bèèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, ẹ bèèrè ẹ̀ka tí wọ́n fi sí àti ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ó dé. Tẹ́ ẹ bá wà níbi tí GDPR, òfin tó ń dáàbò bo dátà ara ẹni nílẹ̀ Yúróòpù, ti ń ṣiṣẹ́, láti May 2018 ló ti wà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa yín, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti fi dá yín lóhùn, àyàfi tọ́rọ̀ náà bá díjú tí wọ́n ní láti fi kún un. Ní Amẹ́ríkà, òfin FERPA ti 1974 fún yín láyè láti wo àkọsílẹ̀ ilé ìwé nípa yín, ọjọ́ 45 ni gbèdéke tiwọn. Tí fáìlì yẹn bá dé ọwọ́ yín, ibi tí wọ́n kọ ṣókí sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, tí kì í bá ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n tún un ṣe.